Wọn Ò Sọ fún Mi Títí Eré Fi Parí

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí mò ń pè ní Daddy nígbà tí ẹ ṣì lè dá mi lóhùn,

Ó di ọjọ́ mẹ́fà lónìí tí mo ti wà nílé ní Lọ́ńdọ̀nù. Mummy ti lọ síbi iṣẹ́ ní Belvedere, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, kò sì ní dé títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Orí àga yín tó wà létí fèrèsé ni mo jókòó sí. Mò ń wo adágún omi láti ibí, mò ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí ẹ máa ń bá jà láràárọ̀ nítorí pé wọ́n ń yàgbẹ́ sójú ọ̀nà tí ẹ máa gbà lọ síbi iṣẹ́. Ìgbẹ́ wọn ò dín. Ẹni tó ń bá wọn jà ni kò sí mọ́, ó sì jọ pé àwọn náà ti mọ̀, torí wọ́n ti ń jókòó sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wa báyìí bí onílé.

Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ ìwé yìí sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ ara yín fà á. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi bá ń gun kẹ̀kẹ́ kiri etí adágún, ẹ ó gbé ìwé orin ìjọ síwájú mi lórí tábìlì ilé ìdáná, ẹ ó ní kí n da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Màá yínmú. Ẹ ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi, ẹ ó mú bíírò pupa, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Ẹ ó kíyè sí i pé mò ń pọ́n yín lé nínú ìwé yìí. Nígbà tí ẹ wà láyé, bí ẹgbẹ́ mi ni mo ṣe máa ń bá yín sọ̀rọ̀, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ti bà mí lẹ́nu jẹ́. Mummy máa ń pariwo lé mi lórí nítorí rẹ̀, ẹ̀yin ò sì bínú sí i lọ́jọ́ kan.

Àárò yín ń sọ mí. Mo fẹ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí pé ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí ní ìbínú nínú, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ìbínú nìkan ló gbé mi jókòó síbí. Àárò bí ẹ ṣe ń tẹ orí ba kí ẹ tó wọ yàrá èyíkéyìí nínú ilé yìí ń sọ mí. Àárò ìrọ̀lẹ́ ń sọ mí, tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ yín ní Crossness dé, níbi tí wọ́n ti ń fọ ìdọ̀tí gbogbo ìlú kúrò nínú omi, tí ẹ ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí n gbóòórùn ọrùn yín wò bóyá ó ti mọ́. Òórùn ọṣẹ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Mo máa ń purọ́ pé ó ṣì ku díẹ̀, kí ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mò ń bá Mummy ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Ọmọbìnrin kan tó ti Ọsirélíà wá, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí ni mò ń fi gbogbo gíga yìí ṣe. Sátidé tó tẹ̀ lé e ló mú mi lọ sí pápá kan níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìlú wọn: wọ́n ń fi ọwọ́ mú un, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń kọlu ara wọn, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Mo délé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórúnkún àti ẹ̀rín lẹ́nu. Mo gbé bọ́ọ̀lù náà wá hàn yín, èyí tó rí gbọọrọ bí ẹyin. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ó yí gbiri, ó jábọ́, ó ta sábẹ́ fíríìjì. Ẹ ní bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tó ń lọ, kí ni ẹni tó ń lé e fẹ́ bá níbẹ̀? Mummy rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi lórí pápá ni wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì. Bí rẹfirí bá ti sọ bọ́ọ̀lù sókè, èmi àti ẹnìkan láti ẹgbẹ́ kejì la ó jọ fò, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tó o ni yóò gbá a fún àwọn ará tirẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí n fò, kí n na ọwọ́. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, èmi náà sì ṣípá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbá a lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó mú mi mọ́ àwọn tó lọ ṣojú ilẹ̀ yìí ní Melbourne, ní Ọsirélíà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá kan ti rí mi, tí wọ́n ní kí n dúró, kí n máa fi bọ́ọ̀lù jẹun. Èmi ọmọ Thamesmead! Gíga yín ni mo gbé lọ bá wọn.

Ẹ wá sọ fún àwọn ará ìjọ pé mo lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú eegun. Ẹnu Uncle Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì jọ jẹ́ àgbà ìjọ, ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo wá kí yín ní ọdún àkọ́kọ́. Ó kí mi ní dókítà eegun níwájú gbogbo èèyàn, mo wo ojú yín, ẹ sì yí ojú sí ibi tí wọ́n ń tan àbẹ́là. Ó dùn mí wọra. Oṣù méjì ni mi ò fi gbé fóònù yín. Kí ni mo fẹ́ fi oṣù méjì yẹn rà báyìí, Daddy? Kí ni mi ò ní fi sílẹ̀ kí n lè gbà á padà?

Ẹ̀yin ò dáwọ́ dúró ní tiyín. Ọwọ́ yín tóbi ju lẹ́tà orí fóònù lọ, nítorí náà ẹ kì í kọ̀wé, ohùn ni ẹ máa ń gbà sílẹ̀ tí ẹ ó fi ránṣẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ó sọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà bí ẹni ń jẹ́rìí ní kóòtù: òní ni Ọjọ́bọ̀, mo wà ní ibùdókọ̀ ní Plumstead, òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àdúrà, lẹ́yìn àdúrà ni oríkì mi tí ẹ̀yin nìkan ń kì mí. Ẹ kò béèrè nípa eré rí. Ẹ kò kí mi kú orí ire rí, bí a bá borí. Mo gbà pé ẹ kò wo ọ̀kankan, mo sì fi ìyẹn sínú, mo ń gbé e kiri.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gbá àṣekágbá ní ọdún tó kọjá, mo pè yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mummy ló gbé e, ó ní ẹ sùn. Mo pè ní Ọjọ́rú, ó ní ẹ lọ sí ìsìn. Mo pe Mummy ní Ọjọ́bọ̀, ó ní fóònù yín ń gba iná. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwé kúkúrú kan wọlé láti orí nọ́ńbà yín pé Olúwa yóò gbé mi ga. Ìwé, Daddy. Kì í ṣe ohùn. Mo wò ó, mo tún un wò, mo ju fóònù sínú báàgì, mo lọ sùn. Ó ti tó ìgbà àìmọye tí mo ti bi ara mi bóyá mo ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn tí mo sì yàn láti má mọ̀.

Mo fò ní ọjọ́ kejì bí mi ò ṣe fò rí. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n sọ sókè, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bà á. A borí. Kí n tó bọ́ bàtà, mo ti gba ohùn sílẹ̀ sórí fóònù, mò ń kígbe, mò ń kọrin, mo ki oríkì ara mi fún yín torí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbè é. Mo fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí àmì pé ẹ ti gbọ́ ọ fi yọ. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Thamesmead nígbà yẹn. Mo ní, háà, Daddy ti jí, wọ́n ń retí mi.

Mummy ló gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ti kú láti ọjọ́ Ajé.

Ó pè mí ní wákàtí kan lẹ́yìn náà pé ẹ fẹ́ rí mi, pé kí n máa bọ̀ nílé. Mo fi àmì ẹ̀yẹ sínú báàgì ọwọ́ kí n lè fi kọ́ yín lọ́rùn. Uncle Káyọ̀dé ló wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe ní Woolwich, kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi. A gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo rí bàtà. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará ìjọ wa kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ aṣọ funfun. Wọ́n tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, bàtà ọmọdé. Kò sí ẹni tó ní láti la ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo wí fún Mummy lọ́jọ́ yẹn, níwájú gbogbo wọn, ẹ̀yin lẹ bi mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní ó sọ mí di ẹni tó ń jó lórí òkú bàbá rẹ̀. Mo ní mi ò ní gbàgbé, mi ò sì ní dárí jì í. Ẹyin lohùn, mo mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ mi, síbẹ̀ mo jẹ́ kó balẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ìborí funfun rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í tú ọ̀fọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Wọ́n á ní ara ò yá, máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Mummy nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì sunkún ẹ̀tàn yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lójú mi. Ohun tó jẹ́ kí tèmi dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tó mọ bó ṣe ń ta ni, báwo ló ṣe wá fi kan ọmọ rẹ̀? Wọ́n ní ó kúnlẹ̀ bẹ gbogbo ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé àwòrán yín sórí Wásáàpù títí n ó fi délé, kò sì sí ẹni tó gbé e. Láàárín àwọn èèyàn wa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn.

A sin yín sórí òkè ní Plumstead. Mo padà sí Ọsirélíà. Láti ìgbà náà, èmi àti Mummy kì í sọ ju ṣé o ti jẹun, mo ti jẹun. Ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò nílẹ̀ dáadáa mọ́. Bí rẹfirí bá sọ bọ́ọ̀lù sókè, ohun tí mò ń rò ni pé ta ló tún ti kú tí wọn ò tíì sọ fún mi. Ẹgbẹ́ mi ṣì fi ìwé àdéhùn ọdún kan lọ̀ mí nítorí ohun tí mo ti ṣe sẹ́yìn. Mo gba àyè ọ̀sẹ̀ méjì láti ronú, mo wá sílé. Mo ti pinnu pé màá sọ fún wọn pé ó tó.

Ní ìjẹta, Mummy gbé fóònù tuntun lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun kó àwọn fọ́tò òun sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń ṣe fún ìyá rẹ̀ nílùú yìí. Bí mo ṣe ń wò ó pé gbogbo nǹkan ti wọlé, mo kan orúkọ yín nínú Wásáàpù rẹ̀. Ohùn kan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wúkọ́.

“Òní ni Sunday. Mo wà lórí bed hospital, létí window. Mummy, gbọ́ mi. Wọ́n ní àwọn máa ṣe operation yẹn láàárọ̀ ọ̀la. Tó bá lọ dáadáa, a dúpẹ́. Tí kò bá lọ dáadáa, má sọ fún ọmọ yẹn o. Saturday ni final ẹ̀. Tó bá gbọ́, ó máa wọ plane, mo mọ̀ ọ́n, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yẹn ti ń fò fún nine years. Last week, obìnrin yẹn dì í lápá mú, referee ò rí i, èmi rí i. Jẹ́ kó fò. Má sì sọ pé èmi ni mo ní kí o má sọ. Tó bá máa bínú, kó bínú sí ẹni tó wà láyé, tó lè bẹ̀ ẹ́.”

Ó parí síbẹ̀. Mi ò gbọ́ oríkì mi, torí kì í ṣe èmi lẹ fi ránṣẹ́ sí.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Mummy dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọdún kan. Ó ní, “Daddy ẹ ní kí n má sọ. Thirty-four years la fi jọ gbé, mi ò kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀ rí. Ṣé lẹ́yìn tó kú ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?” Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, Daddy. Mo rí i pé ó ti rù. Mo rí i pé láti ọdún kan ló ti ń gba èébú tí kì í ṣe tirẹ̀, tó tún ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó pariwo pé, “Dìde, jọ̀ọ́! Knee ẹ! Knee yẹn lo fi ń jẹun!” Ó gbé tíì sílẹ̀, ó fà mí dìde, a sì jọ dúró bẹ́ẹ̀ títí tíì fi tutù.

Nítorí náà ẹ̀yin ni mò ń bínú sí báyìí. Ẹ gbọ́ ọ bó ti rí. Ẹ fún mi ní eré kan, ẹ sì gba ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ mi. Ká ní Mummy pè mí ní ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an, n kì bá tí bá yín láyé, ọ̀nà jìn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti wà nínú bàálù, kí n máa sunkún yín lọ, dípò kí n máa fò níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn bí ẹni tó ní bàbá. Ṣé ẹ rò pé bọ́ọ̀lù ni mò ń nawọ́ sí ní gbogbo ọdún yẹn ni? Kí ló dé tí ẹ ń wò mí tí ẹ ò sọ fún mi? Ohùn kan péré ì bá tó. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó dì mí lápá yẹn nìkan, tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí mi, ì bá tó mi í gbé ayé.

Síbẹ̀, mi ò lè purọ́ fún yín. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, n kò sì rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ rà á fún mi, Mummy sì san án. Bí mo bá lọ sọ ọ́ nù báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Mo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà. Mummy ń bá mi lọ. Ó ti béèrè bóyá òrùlé wà lórí ibi tí wọ́n ń jókòó sí wo eré, ó sì ti sọ fún ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ wo ọmọ òun. Ó ní kí n kọ́ òun ní òfin eré náà kí òun má lọ máa pariwo níbi tí kò yẹ. A ti bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ṣe agbábọ́ọ̀lù.

Láti ọdún kan, gbogbo omi tó ń jáde lójú mi, ti ìbínú ni. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí Mummy jáde, mo sunkún yín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin gan-an. Ó pẹ́ kí n tó dákẹ́. Ẹ ò bẹ̀ mí, Daddy, ẹ ò sì lè bẹ̀ mí mọ́, mi ò sì lè dúró dìgbà tí ẹ máa bẹ̀. Mo ti dárí jì yín.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ lọ.